Mo ní kí wọ́n dáwó, wọ́n kọ “Àmín”: báwo lẹ ṣe ń fa ará ọ́fíìsì sí ìtọrẹ àánú?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Utako, ní Abuja níbí, ni mo wà. A ò pọ̀, a ò ju ogójì lọ: Hausa, Ìgbò, Tiv, àti àwa Yorùbá díẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí n bá òun ṣètò bí a ṣe máa dáwó ra oúnjẹ àti ìwé fún àwọn ọmọ tó wà ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Durumi. Mo kọ ọ̀rọ̀ tó wọ èèyàn lára sórí Wasáàpù ọ́fíìsì, mo fi nọ́ńbà àkáǹtì sí i. Gbogbo wọn ló kà á. Àwọn kan kọ “Àmín”. Ẹnì kan kọ “Ọlọ́run á bùkún yín”. Owó ò wọlé, àfi tèmi àti ti ọ̀gá. Ṣé ahun làwọn èèyàn wa ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n béèrè? Ọ̀gá ti ń sọ pé tówó oṣù bá ti fẹ́ jáde, òun á kàn gé 5,000 náírà lára ti kálukú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

———

Àbúrò, kí n kọ́kọ́ mú ti gígé owó oṣù kúrò nílẹ̀, torí òun ló lè kó ọ̀gá yín sí wàhálà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 5, kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ ṣàdédé yọ nǹkan lára owó òṣìṣẹ́. Ohun tí òfin bá fọwọ́ sí nìkan ló lè yọ, àti ètò bíi ti owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà sí, tí ìjọba sì fàṣẹ sí. Kódà, èyí tó bófin mu náà, gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Pé nítorí àánú ni kò yí i padà. Tó bá wu ẹnì kan láti máa dáwó lóṣooṣù, kó fúnra rẹ̀ san án lẹ́yìn tówó oṣù bá ti wọlé, kó sì lè jáwọ́ lóṣù tó bá wù ú.

Ẹ tún wo 5,000 yẹn fúnra ẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2024, 70,000 náírà lowó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó ń ti Mararaba wá sí Utako lójoojúmọ́, ẹ bi í ohun tí ọkọ̀ ń jẹ níbẹ̀. Ẹ fẹ́ gba 5,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì fẹ́ gba 5,000 lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń wa jíìpù. Owó kan náà lórúkọ ni, kì í ṣe owó kan náà lápò.

Ní ti ahun, mi ò gbà. Láàárín oṣù kan ní ọ́fíìsì Abuja yìí: ẹnì kan ń sìnkú bàbá rẹ̀ ní Ekiti, ẹ dáwó. Ẹnì kan bímọ, ẹ dáwó. Ẹnì kan ń fẹ̀yìn tì, ẹ ra kéèkì, ẹ rán aṣọ. Ẹni tó kọ “Àmín” sábẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nínú oṣù nìyẹn tí wọ́n máa na ọwọ́ sí i. Ó wulẹ̀ fi ọ̀nà tó níwà sọ fún ẹ pé kò sí ni.

———

Mo ti ka èsì àwọn tó ṣáájú mi. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé kí ẹ lẹ orúkọ mọ́ ògiri pẹ̀lú iye tí kálukú dá, ẹ ní ìtìjú á mú aláhun dáwó. Mi ò jiyàn pé kì í ṣiṣẹ́. Ṣebí bí a ṣe ń ṣe é lóde àríyá nìyẹn: alága á gba máíkì, á ní “Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó dà?”, ẹni tó mú 2,000 wá á di ẹni tó ń pe ìyàwó ẹ̀ pé kó fi 10,000 kún un.

Ṣùgbọ́n èèyàn lè jáde kúrò lóde àríyá tó bá ti rí alága tó ń bọ̀. Kò lè jáde kúrò níbi iṣẹ́.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Garki, wọ́n lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà akáùntáǹtì. Ọ̀gá àgbà ló wà lókè pẹ̀lú 100,000, bí orúkọ sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lowó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá kan wà tó ń bá wa gbálẹ̀. Mo bá a níwájú ìwé yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi igi mọ́ọ̀pù há abíyá, ó ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó rí tirẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ tipẹ́, wọ́n wá fi iwájú ẹ̀ sílẹ̀ lófo. Lọ́jọ́ kejì ó san 2,000. Ọ̀dọ̀ ìyá onírẹsì tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ló ti yá a. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí ìyá onírẹsì yẹn ló wá ń bi mí lábẹ́lẹ̀ pé ìgbà wo lowó àwọn tó ń gbálẹ̀ máa jáde, ilé iṣẹ́ agbàṣẹṣe tó kó wọn wá kì í sì í san án lásìkò.

Owó àánú tí aláìní fi gbèsè dá, ta lẹ ṣàánú?

———

Àǹtí tó kọ̀wé láti Kubwa, mo rí èsì yín. Ẹ ní tí kò bá sí ìwé lára ògiri, àwọn tó ń gba owó á jẹ ẹ́, ó ti ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, 180,000 ló wọlé, ìrẹsì tó dé àgọ́ ò tó ìdajì ẹ̀. Ẹ jàre ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó ń da gbogbo rẹ̀ rú nìyẹn, ó sì jọ pé òun gan-an ló dá owó àbúrò wa yìí dúró. Àbúrò, àkáǹtì ta ni nọ́ńbà tí o fi síbẹ̀? Tìẹ, àbí?

Ẹ wò ó, ìwé orúkọ àti ìṣirò owó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ohun tí a ń ṣe níbi tí mo wà báyìí nìyí, ó sì ti ń lọ fún bí ọdún mélòó kan láìsí ìjà. Owó kì í wọ àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Àkáǹtì kọpuretífù wa ló ń wọ̀, èyí tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí kọ́bọ̀ kan tó jáde. Ẹni tó bá dáwó máa ń rí ìdáhùn gbà lórí fóònù tirẹ̀ nìkan: “A ti rí 1,500 yín, a dúpẹ́.” Ohun tí gbogbo ayé ń rí ni àpapọ̀, iye tó wọlé àti iye tó jáde, pẹ̀lú fọ́tò rìsíìtì. Tí ìrẹsì bá jẹ́ àpò mẹ́ta, kí rìsíìtì oníṣòwò ọjà Wuse jẹ́ àpò mẹ́ta, kí èèyàn méjì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn lọ rà á. Ẹ fi Hausa kan àti Yorùbá kan pọ̀, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Tí wọ́n bá jọ fẹ́ jalè, á kọ́kọ́ gbà wọ́n lákòókò kí wọ́n tó gbọ́ra wọn yé.

Àwọn kan sì wà tí wọn ò fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni rárá, wọn ò sì jẹ̀bi. Fún irú wọn, ọ̀nà ilé ìwòsàn ló rọrùn jù. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi ti yunifásítì ní Gwagwalada ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò lówó. Ẹ lọ bá wọn, wọ́n á sọ ẹni tí wọ́n ti wò sàn tí kò rówó san kó lè lọ sílé. Ẹ san án ní káúńtà ilé ìwòsàn, ẹ gba rìsíìtì wọn. Kò sí ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni máa bù lójú ọ̀nà.

———

Ẹnì kan dábàá ráfù: ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì 1,000, ẹ fa nọ́ńbà, kí ẹnì kan gba fáànù lọ sílé. Ó ní níbi iṣẹ́ òun ní Èkó, òṣìṣẹ́ ń du ú.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Níbí, ẹ máa pàdánù ìdajì ọ́fíìsì kí ẹ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kìíní. Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn ẹ̀, tẹ́tẹ́ ni yóò kà á sí, harámù sì ni tẹ́tẹ́. Ọ̀pọ̀ ará ìjọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ wọn ta lúdò lówó náà ò ní sún mọ́ ọn. Wọn ò ní bá yín jà o. Wọ́n á kàn ní owó ò sí lọ́wọ́ àwọn, ẹ̀yin á sì máa rò pé ahun ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yìí ò pin síbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé “Mo ti san ìdámẹ́wàá” tàbí “Mo ti yọ sàká”, ẹ má bá a ṣàròyé. Sàká ní àwọn tó tọ́ sí, ìsọ̀rí mẹ́jọ ni Kùránì dárúkọ nínú Súrà kẹsàn-án, ẹni tó ń yọ ọ́ sì lè má dá a lójú pé ohun tí ẹ fẹ́ rà wà níbẹ̀. Sàárà ni kí ẹ bi í léèrè, ìyẹn ò ní òdiwọ̀n. Ẹ fi sáà náà sọ́kàn pẹ̀lú. Lóṣù Ààwẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Hausa kì í dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Ẹ tètè sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n tó ná an tán sí àdúgbò wọn. Ẹ má sì dá ìpàdé kankan sí aago kan ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Mo rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kan “ò kọbi ara sí i”. Ìrun ni wọ́n lọ kí!

Oṣù kìíní àti oṣù kẹsàn-án, ẹ jẹ́ kó kọjá. Ọ̀kan gùn bí ojú ọ̀nà Lokoja, ìkejì sì ni ti owó ilé ìwé.

———

Bọ̀dá tó ní kí wọ́n ṣètò ìrìn ẹsẹ̀ yípo Jabi Lake, kí àwọn ọ̀rẹ́ máa sanwó fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan: ẹ rín mi pa. Ní ìlú tí èèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Nyanya fẹsẹ̀ rìn torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ta ló fẹ́ fún yín lówó pé ẹ rìn? Àwọn òyìnbó ló ni ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí oúnjẹ wà.

Ní ti oúnjẹ, mo ní ẹ̀rí. Ẹni tó jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kó tó dé orí tábìlì ẹ̀, ebi á ti máa ta á. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan lóṣù, obìnrin Nupe kan lára wa máa ń gbé másà gbígbóná wá nínú kúlà, pẹ̀lú yájì àti ṣúgà, àti zobo tó ti dì nínú ike. Ọ́fíìsì á gbóòórùn ẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ẹni tí kò dá kọ́bọ̀ rí lórí Wasáàpù, ó ń ra mẹ́fà, ó tún ń ra ti ọ̀rẹ́ ẹ̀. A máa yọ owó ìrẹsì àti òróró tó fi sè é fún un, èyí tó kù á wọ àkáǹtì.

Ìjà tó bá a wá nìyí, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Alákàrà wà ní géètì wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kìíní tí a ta másà, àkàrà rẹ̀ ṣẹ́ kù. Ó bú wa, ó sì lẹ́tọ̀ọ́: a mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu tálákà kan nítorí tálákà mìíràn. Látìgbà náà, a máa ń ra abọ́ àkàrà kan pátá lọ́wọ́ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ másà, a sì fi nǹkan díẹ̀ lé e tà. Báyìí òun ló ń rán wa létí pé oṣù ti pé.

———

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mò ń kọ èyí tó tó báyìí nípa ọ̀nà ìgbàwó, tí mi ò sọ nǹkan nípa ọkàn àánú. Torí mo ti rí i pé ọkàn àánú ò wọ́n wọn. Nígbà tí dáàmù Alau ya lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí omi bo Maiduguri, ẹnikẹ́ni ò rọ ará ọ́fíìsì wa. Ọmọ Maiduguri kan wà láàárín wa. Ó kàn fi ohùn ìyá ẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí òrùlé sórí Wasáàpù, ní Kanuri. Ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ èdè yẹn. Kó tó di ọ̀sán, owó ti wọlé ju èyí tí a fi oṣù mẹ́ta wá rí tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù kẹsàn-án sì ni o, oṣù tí mo ní kí ẹ jẹ́ kó kọjá.

Nígbà tí omi bo Mokwa ní ìpínlẹ̀ Niger, ní ìparí oṣù karùn-ún 2025, ìdáwó lọ́ra. Kì í ṣe pé Mokwa jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ àwa tó ń ti Ilorin wá ló ń gbabẹ̀ kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Iléyá, owó àgbò ti gba gbogbo ọwọ́, kò sì sí ẹnì kankan láàárín wa tó ní ènìyàn níbẹ̀ tó lè sọ fún wa pé báyìí báyìí ló rí. Ohun tó gbé e dìde ni awakọ̀ wa kan tó béèrè bóyá a lè gba àgbàdo. Ó ní owó ò sí lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n àgbàdo oko òun ní Kwali ṣì kù nínú àpò. Ó gbé mùdù mẹ́wàá wá. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn mìíràn wá ń gbé aṣọ, bàtà, ìkòkò wá. Nǹkan táwọn mẹ́gáàdì àti awakọ̀ gbé wá lọ́jọ́ yẹn ju ti àwọn tó ń jókòó sínú ẹ́ẹ̀sì lọ.

Nítorí náà, àbúrò, nọ́ńbà àkáǹtì nìkan kọ́ ni kó máa wà nínú ohun tí o kọ.

———

Àríyànjiyàn fọ́tò. Àwọn mẹ́ta ló sọ pé láìsí fọ́tò ọmọ tó ń gba ìwé, ará ọ́fíìsì ò ní gbà pé ẹ débẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn á dàgbà, fọ́tò tó ti na ọwọ́ lábẹ́ báńnà ilé iṣẹ́ yín á ṣì wà lórí Facebook. Ẹ ya àpò ìrẹsì nígbà tó ń bọ́ nínú ọkọ̀. Ẹ ya ìwé tí alága àgọ́ buwọ́ lù pé òun gba báyìí báyìí. Ẹ gba nọ́ńbà alága yẹn, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pè é. Owó tí ẹ fẹ́ fi tẹ báńnà, ẹ fi ra ọṣẹ.

Ẹni tó ní kí a máa yọ ọ́ lára owó wẹ́fíà: rárá. Owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, ó wà fún ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá wà ní ilé ìwòsàn. Tí ìpàdé bá jókòó tó fọwọ́ sí i, ìyẹn di tiwọn. Akápò ò lè dá a ṣe.

———

Àbúrò ti padà wá, ó ní àkáǹtì òun ló fi síbẹ̀ lóòótọ́, ó ti yọ ọ́, kọpuretífù ti gbà. Ó ní ọ̀gá ti fi ti gígé owó oṣù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè orúkọ àwọn tí kò dá nǹkan kan, “kí òun kàn mọ̀”. Ọ̀la sì ni ọjọ́ tó fi gbèdéke sí.

Má fún un. Fi àpapọ̀ ránṣẹ́ sí i, sọ fún un pé ìwé orúkọ ò sí lọ́wọ́ ẹ, ọ̀dọ̀ kọpuretífù ló wà, wọn kì í sì í yọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kó wà lọ́dọ̀ wọn. Tó bá fẹ́ kówó pọ̀ sí i, sọ fún un pé kó kéde pé iye yòówù tí òṣìṣẹ́ bá dá, ilé iṣẹ́ á fi irú ẹ̀ lé e. Wàá rí i pé àwọn tó kọ “Àmín” á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà àkáǹtì tuntun.

O tún béèrè nípa awakọ̀ tó máa gbé ẹrù lọ sí Durumi láàárọ̀ Sátidé, pé ọ̀gá ní kí ó kà á sí ìtọrẹ tirẹ̀. Ṣé ẹnì kan ti bi í? Sátidé kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ra ìrẹsì, ẹ yọ owó epo àti owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sọ́tọ̀, ẹ san án fún un. Tó bá wù ú kó dá a padà sínú àpótí, kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ dá a.